Ẹni Òòṣà Lójú Ilé Ẹ̀kọ́ Jámánì

 

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí máa ń gbé wá sídìí òrìṣà ní Berlin àti Hamburg níbí, tí kò ṣeé fi ọ̀rọ̀ kúkúrú dáhùn. Ọmọ wọn kò lè jókòó sójú kan ní kíláàsì, tàbí kò sọ̀rọ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí ariwo máa ń dà á lọ́kàn rú débi pé yóò sá sábẹ́ tábìlì. Ilé ẹ̀kọ́ á pè wọ́n kí ọ̀sán tó pọ́n pé kí wọ́n wá mú un lọ. Tíṣà ti sọ̀rọ̀ títí, ó ti sú u. Ìyá ọmọ á wá ní, "Ìyálórìṣà, kí la máa rú kí ọmọ yìí lè dà bí àwọn yòókù?"

Ìfẹ́ ló gbé ìbéèrè náà jáde, mi ò jẹ́ fi ṣeré. Ṣùgbọ́n èrò kan wà lábẹ́ rẹ̀: pé nínú ọmọ àti ilé ẹ̀kọ́, ọmọ ló gbọ́dọ̀ yí padà. Èrò yẹn ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé tàbí ní Amẹ́ríkà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí nǹkan ṣe rí níbí. Ní Jámánì, dandan ni kí ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́. Schulpflicht ni wọ́n ń pè é. Òbí kò lè sọ pé òun á máa kọ́ ọmọ òun nílé bí àwọn kan ti ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, owó ìtanràn wà, ọ̀rọ̀ náà sì lè dé kóòtù tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹbí. Ìdílé kan gbé irú ẹjọ́ yìí dé kóòtù ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù ní Strasbourg, àmọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2019, kóòtù náà ní ìjọba Jámánì kò rú òfin. Nítorí náà, bí ilé ẹ̀kọ́ kò bá rọ ọmọ lọ́rùn, kò sí ẹ̀yìnkùlé tí a lè sá sí. Ó di kí a mú kí ilé ẹ̀kọ́ tó wà yìí gba ọmọ mọ́ra, tàbí kí a gbé e lọ sí Förderschule, èyí tí àwọn àgbà wọn ṣì ń pè ní Sonderschule, ilé ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ fún àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ ọ̀tọ̀.

Ẹ̀tọ́ wà nínú ìwé. Láti 2009 ni àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá ti di òfin ní Jámánì, ó sì sọ pé ọmọ gbọ́dọ̀ lè kẹ́kọ̀ọ́ láàárín àwọn ọmọ yòókù. Ọdún yẹn kan náà ni Hamburg fi ẹ̀tọ́ yìí sínú òfin ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ní Berlin, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Fläming ti ń kó àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara àti àwọn yòókù pọ̀ sí kíláàsì kan láti 1975. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni olùkọ́ tó pọ̀ tó, yàrá tó dákẹ́, àti sùúrù.

Kí wá ni àṣà tiwa sọ? Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: abuké, arọ, àfín, ẹni òòṣà ni wọ́n, Ọbàtálá ló ni wọ́n. Tí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ nínú wa pé kí nìdí, ìtàn ẹmu ni wọn yóò sọ: Òrìṣà-ńlá mu ẹmu yó, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró mọ́, ó mọ àwọn kan lọ́nà tó yàtọ̀, láti ọjọ́ náà ló ti sọ ẹmu di èèwọ̀. Àwọn kan gbọ́ ìtàn yìí, wọ́n ní àṣìṣe ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé pàápàá. Ẹ má bínú, wọn ò gbọ́ ìtàn náà dé ìdí.

Kí ni Òrìṣà ṣe lẹ́yìn ìgbà tí ojú rẹ̀ dá? Kò fọ́ amọ̀ náà kó tún un mọ. Ó mú àwọn tó mọ, ó fi wọ́n ṣe tirẹ̀, ẹni tó bá sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, òun ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èèwọ̀ tó tẹ̀ lé e ńkọ́, orí ta ló já lé? Kò já lé arọ lórí, kò já lé abuké. Ẹni tó ń mọ nǹkan ni èèwọ̀ já lé. Ẹ fara balẹ̀ wo ìyẹn. Nígbà tí iṣẹ́ ọwọ́ Ẹlẹ́dàá àti bí ayé ṣe ń retí ara kò bára mu, Ẹlẹ́dàá ló gba èèwọ̀, tó yí ìwà padà. Bí Òrìṣà bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni tíṣà àti òbí fẹ́ wí?

Èyí ló mú mi ronú pé ohun tí ọmọ báyìí nílò kò jìnnà sí ohun tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwa olórìṣà mọ bí a ṣe ń pa èèwọ̀ mọ́. Nínú ilé Ọbàtálá, a kì í gbé ẹmu wọlé, a kì í fi epo pupa síwájú rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ kì í níyọ̀. Kì í ṣe olórìṣà nìkan ló ń ṣọ́ra: ẹni tó ń dáná ń ṣọ́ra, ọmọ tí a rán lọ́jà ń ṣọ́ra, àlejò náà á béèrè kó tó gbé nǹkan wọlé. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún ẹni tí epo jẹ́ èèwọ̀ rẹ̀ pé, "Rọra máa tọ́ ọ wò díẹ̀díẹ̀, ó máa mọ́ ọ lára." Ṣùgbọ́n ohun tí a ń sọ fún ọmọ tí ariwo ń pa lára gan-an nìyẹn. Bí ariwo bá ń ṣe é bí ẹni tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ létí, èèwọ̀ rẹ̀ ni ariwo. Bí ojú ènìyàn tó ń wò ó tààrà bá ń dà á láàmú, ẹ má fi ìyẹn pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ (mo mọ̀ pé ó le fún wa, àwa tí a tún máa ń bínú sí ọmọ tó bá ń wo àgbà lójú!). Bí ìyípadà òjijì bá ń dà á rú, kí a sọ fún un lánàá ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lónìí.

Ilé ẹ̀kọ́ Jámánì ní orúkọ tirẹ̀ fún un: Nachteilsausgleich. Òun ni pé kí ọmọ ní àkókò púpọ̀ sí i nígbà ìdánwò, tàbí kó ṣe é nínú yàrá ọ̀tọ̀, tàbí kó lo kọ̀ǹpútà dípò bírò, láìjẹ́ pé wọ́n dín máàkì rẹ̀ kù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka àlàyé rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Èèwọ̀ tí wọ́n fi òǹtẹ̀ ìjọba lù ni.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ọmọ tí ara rẹ̀ pé ńkọ́, tó jẹ́ pé bó ṣe ń ronú ló yàtọ̀? Àwọn àgbà kò dárúkọ rẹ̀ mọ́ abuké àti arọ. Òótọ́ ni, ohun tí ojú rí ni wọ́n dárúkọ. Ṣùgbọ́n n kò mọ bí a ṣe lè gbà pé ọwọ́ Ọbàtálá ló mọ ẹ̀yìn abuké, kí a wá sọ pé kì í ṣe òun ló mọ etí tí kò gba ariwo. Ohun tí n kò gbà rárá ni bí a ṣe ń tètè fi orúkọ mìíràn lé ọmọ lórí. Àwọn kan á ní emèrè ni, àwọn kan á ní ẹgbẹ́ rẹ̀ ọ̀run ló ń dà á láàmú, àwọn kan á ní orí tó yàn lọ́dọ̀ Àjàlá ti sán. Ẹgbẹ́ ọ̀run wà, n kò sẹ́ ẹ. À ń bọ wọ́n. Àmọ́ kí ènìyàn wo ọmọ ọdún mẹ́fà lójú kó sọ pé orí rẹ̀ ti sán, èpè ni. Ọmọ náà gbọ́ o, bí kò bá tilẹ̀ fèsì.

Ẹni tó bá ń gbé ní Hamburg á mọ Alsterdorf. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni pásítọ̀ kan, Heinrich Sengelmann, dá ilé ìtọ́jú àwọn àkàndá ẹ̀dá sílẹ̀ níbẹ̀. Ní 1938, wọ́n ya àwòrán ńlá kan sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nínú ọgbà náà. Jésù wà lórí àgbélébùú, àwọn ènìyàn yí i ká. Ìmọ́lẹ̀ bí òrùka yí orí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ká, àfi àwọn aláàbọ̀ ara tó wà láàárín wọn. Àwọn nìkan ni orí wọn ṣófo. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹjọ 1943, wọ́n kó ju 200 obìnrin àti ọmọbìnrin lọ láti ọgbà yẹn lọ sí ilé ìtọ́jú kan ní Vienna. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kú síbẹ̀.

Ní Berlin, Tiergartenstraße 4 ni ọ́fíìsì tí àwọn òṣìṣẹ́ Hitler ti ń fi fọ́ọ̀mù yan àwọn aláìsàn ọpọlọ àti àkàndá ẹ̀dá tí wọ́n máa pa. Láàárín 1940 sí 1941 nìkan, ó lé ní 70,000 ènìyàn. Ògiri gíláàsì aláwọ̀ búlúù ló wà níbẹ̀ báyìí láti máa fi rántí wọn, láti 2014. Ṣáájú ìyẹn, òfin 1933 ti fún wọn láyè láti fi tipátipá sọ ènìyàn di ẹni tí kò lè bímọ mọ́, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn tí kò tètè mọ̀wé. Ìdí nìyí tí ojú àwọn àgbà kan níbí fi máa ń yí padà tí wọ́n bá gbọ́ "Sonderschule". Àwa tí a dé lẹ́yìn kì í mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Àwòrán Alsterdorf yẹn kì í kúrò lọ́kàn mi. Àwọn tí ayàwòrán fi ìmọ́lẹ̀ dù gan-an ni Ọbàtálá fi ṣe ti ara rẹ̀. Lójú tiwa, kò sí orí tó ṣófo. Orí inú wà fún gbogbo ẹni tó wá sáyé. Wọ́n ti gé àwòrán náà kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé e síta kí àwọn ènìyàn lè máa fi kọ́gbọ́n. Nínú àdúgbò kan náà, ilé ẹ̀kọ́ kan wà lónìí tí wọ́n ti ń kọ́ gbogbo ọmọ pọ̀.

Kí a má gbéraga ṣá. Àwa tí a ní Ọbàtálá náà la ń ti ọmọ mọ́ yàrá nígbà tí àlejò bá dé. Ní Nàìjíríà, 2019 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí òfin ìjọba àpapọ̀ tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀. Àwọn òrìṣà ti sọ ọ́ tipẹ́, àwa ni etí wa di.

Ọ̀rọ̀ àwa àjèjì tún le sí i nítorí èdè. Ní 2018, kóòtù kan ní Köln dá ẹjọ́ pé kí ìpínlẹ̀ Nordrhein-Westfalen san owó ìtanràn fún ọ̀dọ́mọkùnrin Roma kan. Wọ́n dán ọpọlọ rẹ̀ wò nígbà tó wà ní kékeré, tí kò tíì gbọ́ èdè Jámánì. Wọ́n ní ọpọlọ rẹ̀ kò pé. Nǹkan bí ọdún mọ́kànlá ló fi wà nílé ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ń sọ pé ibẹ̀ kọ́ ló yẹ òun, wọn kò gbọ́. Nígbà tó kúrò níbẹ̀ ló tó gba ìwé ẹ̀rí bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní London, Bernard Coard, ará Grenada, ti kọ ìwé ní 1971 nípa bí wọ́n ṣe ń da àwọn ọmọ Caribbean sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn tí wọ́n pè ní aláìmòye. Nítorí náà, tí wọ́n bá ní àwọn ti dán ọmọ yín wò, ẹ bi wọ́n pé: èdè wo lẹ fi dán an wò? Ọmọ tó ń bá ìyá àgbà sọ Yorùbá, tó ń bá bàbá rẹ̀ sọ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ nìkan ló ti ń gbọ́ èdè Jámánì, ó lè dákẹ́ fún ìdí púpọ̀. Kí ẹ sì tó fọwọ́ sí ìwé kankan, ẹ bi wọ́n pé ìwé ẹ̀rí wo ni ọ̀nà yìí ń gbé ọmọ lọ. Àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń jáde ní Förderschule kò ní ìwé ẹ̀rí tí àwọn ọmọ yòókù ń gbà.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, mi ò sọ pé ilé ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ burú, mo sì máa ń bá àwọn òbí tó bá sọ bẹ́ẹ̀ jiyàn. Ní Surulere, Èkó, ilé ẹ̀kọ́ Wesley fún àwọn adití ti wà láti 1958, ti Pacelli fún àwọn afọ́jú dé ní 1962. Ta ló fẹ́ sọ pé kí wọ́n tì wọ́n? Ọmọ adití nílò àwọn ọmọ mìíràn tí wọ́n jọ máa fọwọ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo èyí. Samuel Heinicke kọ́ ọmọ adití ní Eppendorf, ní Hamburg, kó tó lọ dá ilé ẹ̀kọ́ adití àkọ́kọ́ ní Jámánì sílẹ̀ ní Leipzig ní 1778. Iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀, ẹnu ló fẹ́ kí wọ́n fi sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọwọ́, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ adití sì tọ ọ̀nà rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọdún 2002 ni òfin Jámánì tó gba èdè ọwọ́ bí èdè. Ilé tí wọ́n kọ́ nítorí ọmọ náà gan-an kò pa èèwọ̀ rẹ̀ mọ́. Ní ìdà kejì, mo mọ ọmọ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú kíláàsì gbogbogbòò, tí àga rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán. Ẹ wo ibi tí àga wà kí ẹ tó wo orúkọ ilé ẹ̀kọ́.

Ọ̀rọ̀ Jugendamt náà nìyẹn. Ẹ̀rù ọ́fíìsì yìí ń ba àwọn ènìyàn wa, nítorí gbogbo wa la ti gbọ́ pé àwọn ló ń gba ọmọ lọ́wọ́ òbí. Wọ́n lágbára yẹn lóòótọ́. Àmọ́ ọ́fíìsì kan náà ló ń sanwó olùrànlọ́wọ́ tó máa jókòó ti ọmọ ní kíláàsì, bí ọ̀rọ̀ ọmọ bá jẹ mọ́ autism tàbí irú rẹ̀. Ẹni tó bá sá fún wọn, ó sá fún olùrànlọ́wọ́ náà. Ẹ má dá lọ. Ẹ mú ẹni tó gbọ́ èdè dání. Ní Berlin, ọ́fíìsì ìmọ̀ràn SIBUZ wà ní gbogbo àdúgbò méjèèjìlá. Ní Hamburg, ReBBZ ni ẹ máa béèrè. Wọn kì í gba owó.

Ẹbọ wá ńkọ́? À ń rú u. À ń bọ orí ọmọ. Ṣùgbọ́n orí tó ní là ń bọ. A kì í bọ orí kó lè di orí ẹlòmíì. Nígbà tí mo bá da owó ẹyọ, n kì í béèrè pé ṣé ọmọ yìí máa dà bí àwọn yòókù. Mo máa ń béèrè ohun tó ń pa á lára àti ẹni tó máa dúró tì í. Tí babaláwo tàbí olórìṣà kan bá ní kí ẹ dá oògùn dókítà dúró, tàbí kí ẹ na ọmọ kí nǹkan náà lè kúrò lára rẹ̀, ẹ gbé ọmọ yín kúrò níbẹ̀ kíá. Ọmọ Ọbàtálá kọ́ ni onítọ̀hún ń tọ́jú.

Obìnrin kan ní Wedding, tí ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì kejì, gbà láti ṣe ohun kan tí mo sọ. Oṣù kan ló fi kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́: ìgbà wo ni ọmọ sunkún, kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú, kí ló mú un dákẹ́. Nígbà tó fi máa parí, èèwọ̀ márùn-ún ló rí. Agogo ilé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, yàrá ìmúra eré ìdárayá wà níbẹ̀. Ó gbé e lọ fún tíṣà. Tíṣà gba mẹ́ta, ó ní apá òun kò ká méjì yòókù. Wọ́n ṣì jọ wà lórí méjì yẹn.

Ìyá àgbà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gbọ́ ọ̀rọ̀ èèwọ̀ yìí, kò dùn mọ́ ọn. Ó ní òrìṣà ló ń fi èèwọ̀ lélẹ̀, kì í ṣe tíṣà, àti pé tí a bá ń pe gbogbo ohun tí ọmọ kò fẹ́ ní èèwọ̀, a ó tọ́ ọmọ tí kò ní lè ṣe nǹkan kan. Apá kejì yẹn, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Àìfẹ́ yàtọ̀ sí èèwọ̀. Ọmọ tí kò fẹ́ kàwé lè jókòó kó kà á. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ ń fò lójú ìwé mọ́ lọ́wọ́ nílò ọ̀nà mìíràn láti kà á, kíkà náà ò sì bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Apá àkọ́kọ́ ni mo ṣì ń bá Ìyá fà. Mo ní, Ìyá, ta ló mọ etí ọmọ náà? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn rò ó.

Bí ilé ẹ̀kọ́ tàbí ọ́fíìsì bá kọ̀wé pé àwọn kò gbà, oṣù kan lẹ sábà máa ń ní láti kọ Widerspruch padà, láti ọjọ́ tí lẹ́tà bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ pa àpòòwé mọ́, ẹ kọ déètì sára rẹ̀. Tí ẹ bá ń bọ̀ wá bọrí ọmọ, ẹ mú lẹ́tà náà dání pẹ̀lú obì. A jọ máa kà á kí a tó bẹ̀rẹ̀.